Ṣọ́ọ̀bù oníbíárìn tó wà lójú ọ̀nà Ìtóìkín, ní Ìkòròdú

Típà méjì àti péélódà kan ni mo ní. Yanrìn etí ọ̀sà ni mo ń tà, láti apá Báyékù àti Ìbẹ̀ṣẹ̀, ó di ọdún kọkànlá báyìí. Ẹni tó bá wà nídìí iṣẹ́ yìí á mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì kọ́ ló ń jẹ owó wa jù, abẹ́ mọ́tò ni. Nínú gbogbo ohun tó wà lábẹ́ mọ́tò, bíárìn ẹsẹ̀ táyà, ìyẹn irin róbótó tó ń jẹ́ kí táyà yí wọ́ọ́rọ́ lórí ásúlù, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, torí òun ló mú mi mọ ṣọ́ọ̀bù tí mo fẹ́ ròyìn yìí. Mo ti gbé ọkọ̀ lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín oṣù mẹ́rìnlá.

Ṣọ́ọ̀bù náà kò ní pátákó. Bí ẹ bá kọjá Ṣábo tí ẹ kọrí sí ọ̀nà Ìtóìkín, ẹ ó rí ibi tí wọ́n to họ́ọ̀bù àlòkù, irin àárín ẹsẹ̀ táyà tí bíárìn ń jókòó sí, jọ bí ìkòkò lábẹ́ igi máńgòrò, lọ́wọ́ ọ̀tún. Ibẹ̀ náà ni. Bàbá tó ni ín ti lé ní àádọ́rin ọdún, ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Wọn kì í ṣe ẹ́ńjìnnì, wọn kì í ṣe iná mọ́tò. Ẹsẹ̀ táyà, bíréèkì àti ásúlù, ọ̀pá irin tí táyà ń yí lórí rẹ̀, nìkan ni tiwọn. Ẹ gbé nǹkan mìíràn dé, wọ́n á júwe ibòmíràn fún yín.

Ohun tó gbé mi débẹ̀ kò dùn ún sọ. Mẹkáníìkì tí mo ń lò tẹ́lẹ̀ bá mi pààrọ̀ bíárìn ẹ̀yìn ọ̀tún típà ńlá. Wákàtí kan ó ti parí, inú mi sì dùn pé ó yára. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, dírẹ́bà mi pè mí láti ọ̀nà Ṣágámù, lẹ́yìn Òdógunyàn: "Mọ́mì, táyà ẹ̀yìn ń rú èéfín." Mo ní kó dúró síbẹ̀, kó má ṣe jẹ́ kí táyà náà tún yí lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tí mo fi ọ̀kadà débẹ̀, òórùn gíríìsì tó jóná ti gba gbogbo ẹ̀gbẹ́ títì, ooru rẹ̀ sì ń fẹ́ sí mi lójú kí n tó sún mọ́ ọn. Bíárìn inú ti yọ́ mọ́ ásúlù, wẹ́dà ló fi iná gé e kúrò. Ásúlù bàjẹ́, họ́ọ̀bù bàjẹ́, yanrìn 20 tọ́ọ̀nù di títú dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ọjọ́ mẹ́tàlá gbáko ni ọkọ̀ fi jókòó. Mo dúpẹ́ pé táyà náà kò bọ́. Àwọn ọmọ iléèwé ń rìn kọjá níbẹ̀ ní wákàtí yẹn, mo ṣì ń rí aṣọ iléèwé wọn lójú mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹnì kan tí a jọ ń ta yanrìn ló ní kí n lọ bá Bàbá. Mo kọ́kọ́ gbé típà kejì lọ, kí òun náà tó ṣe mí bákan náà. A dé ibẹ̀ ní aago mẹ́wàá àárọ̀, mo rò pé wọ́n á tú táyà lójú ẹsẹ̀. Bàbá kọ̀. Ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan họ́ọ̀bù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó rọra ń rìn yí ọkọ̀ ká. Ó ní, "Ìyá Oníyanrìn, márùn-ún lọ́ wọ́ọ́rọ́, èyí gbóná. Ẹ jẹ́ kó tutù ká tó bá a sọ̀rọ̀." Wákàtí kan àti ààbọ̀ la fi jókòó. Mo ti ń bínú díẹ̀, torí oníbàárà kan ń dúró dè mí ní Ìgbógbó.

Nígbà tó tutù, wọ́n gbé òkúta dí táyà tó kù, wọ́n fi jáàkì gbé ẹ̀yìn sókè, wọ́n sì to gẹdú sábẹ́ ásúlù kí ẹnikẹ́ni tó ki orí bọ abẹ́ rẹ̀. Jáàkì lè rẹlẹ̀ nígbàkígbà. Ní ṣọ́ọ̀bù yìí, gẹdú ló ń gbé ọkọ̀ dúró, jáàkì kàn ń bá a gbé e sókè ni. Ọmọ iṣẹ́ kan fi ọwọ́ yí táyà. Bàbá fi ẹnu sukuru-dírẹ́bà gígùn kan họ́ọ̀bù, ó fi ìdí rẹ̀ sí etí. Ó nà án sí mi: "Ẹ wá gbọ́." Mo gbọ́ ọ. Ó ń dún bí ìgbà tí èèyàn ń lọ ata gbígbẹ lórí ọlọ. Ó mú mi lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ìyẹn kò dún ju bí aṣọ ṣe ń ra aṣọ lọ. Ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń ra bíárìn, mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí.

Wọ́n tú u, wọ́n fọ̀ ọ́ nínú báàfù méjì. Kẹrosíìnì tó ti dọ̀tí ni wọ́n fi kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, wọ́n wá fi èyí tó mọ́ ṣan án. Ọmọ iṣẹ́ tó kéré jù níbẹ̀ gbé ẹnu ọ̀pá atẹ́gùn kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ sí bíárìn, ó fẹ́ fi gbẹ ẹ́, ni Bàbá bá figbe ta. Ó dá iṣẹ́ dúró, ó ṣàlàyé fún un níṣojú mi: bíárìn tí kò ní gíríìsì lára, bí atẹ́gùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí i, eré tí kò yẹ kó sá ló máa sá. Àgò tó kó róólà, àwọn irin kéékèèké tó ń yí nínú bíárìn, pọ̀ lè ṣẹ́, róólà á sì fò jáde bí ọta ìbọn. Aṣọ funfun ni wọ́n fi ń nù ún níbẹ̀, wọ́n á wá tẹ́ ẹ sórí páálí kó gbẹ fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Bàbá jókòó sórí àpótí, ó gbé kọ́ọ̀bù bíárìn, ìyẹn òrùka ìta tí róólà ń yí nínú rẹ̀, sí àtẹ́lẹwọ́ òsì, ó dojú rẹ̀ kọ oòrùn. Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ wò ó. Mo rí ìlà dúdú tín-ín-rín: ìlà kan, àlàfo, ìlà kan, àlàfo, bí ẹni pé ọmọdé fi pẹ́ńsù fà á. Ó gbé róólà tó wà nínú àgò lé e, àlàfo wọn ṣe rẹ́gí. "Omi rèé," ó ní. "Ọkọ̀ yìí dúró sójú kan pẹ̀lú omi nínú họ́ọ̀bù. Ibi tí róólà fi ara tì ni omi ti jẹ irin."

Ó wá bi mí bóyá dírẹ́bà mi máa ń wọ inú ọ̀sà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bí omi bá kún, táyà máa ń rì dé họ́ọ̀bù níbi tí wọ́n ti ń kó yanrìn. Ó ní kí n ronú sí i: ọkọ̀ ti rìn láti òwúrọ̀, bíréèkì ti mú họ́ọ̀bù gbóná, atẹ́gùn inú rẹ̀ ti fẹ̀. Kó wá já wọ inú omi tútù lójijì. Atẹ́gùn yẹn á súnkì, á máa fa nǹkan mọ́ra, omi ló sì wà lẹ́nu síìlì, ìyẹn rọ́bà tó ń dí ẹnu họ́ọ̀bù. Síìlì tó ti gbó díẹ̀ kò ní lè dá a dúró. Omi ọ̀sà tiwa ní iyọ̀ nínú, pàápàá nígbà ẹ̀rùn, iyọ̀ àti irin kì í sì í bára wọn rẹ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sanwó kí péélódà kó yanrìn gòkè síbi gbígbẹ kí típà tó gbé e. Owó dísù tí mo ń ná lé e dùn mí, ṣùgbọ́n mo ti ṣe ìṣirò rẹ̀ dáadáa, kò tó owó ásúlù kan.

Ohun tí a rí lára bíárìn ẹ̀gbẹ́ kejì tún yàtọ̀. Àmì kéékèèké tó jóná ni, bí ibi tí ẹ̀ta iná ta sí. Bàbá wò ó títí, ó ní, "Ta ló bá yín jó irin lára ọkọ̀ yìí láìpẹ́?" Ẹnu yà mí. Lóòótọ́ ni, wẹ́dà kan ní apá Ògijo bá mi jó ilẹ̀kùn ẹ̀yìn típà náà, mo sì rántí pé nọ́ọ̀tì táyà ló fi ẹ̀mú wáyà ilẹ̀ rẹ̀ há. Iná tó ń jó ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ gba ibì kan padà sọ́dọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀. Nígbà tó jẹ́ pé ara táyà ni wáyà wà, àárín bíárìn ló gbà kọjá, ó ń ta láti ara róólà sí ara kọ́ọ̀bù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ ńlá, ẹ má jẹ́ kí wẹ́dà há wáyà ilẹ̀ sára táyà tàbí họ́ọ̀bù. Ẹ̀gbẹ́ ibi tó fẹ́ jó gan-an ni kó há a sí. Kò sí mẹkáníìkì tó sọ èyí fún mi rí.

Ó tún fi àwọn mìíràn hàn mí nínú àpò bíárìn òkú tó kó pamọ́: èyí tó pọ́n bí idẹ tàbí tó di búlúù látàrí ooru, èyí tí ojú rẹ̀ ń bó bí èèpo nítorí ẹrù àpọ̀jù àti ọjọ́ orí.

Ọ̀rọ̀ gíríìsì ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà. Bàbá bu gíríìsì sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbá ẹnu bíárìn tó gbòòrò mọ́ etí rẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́, títí gíríìsì fi yọ jáde lẹ́nu kejì láàárín róólà. Ó yí i díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó tó ìṣẹ́jú márùn-ún lórí bíárìn kan ṣoṣo. Inú họ́ọ̀bù, kò kún un. Ìdá kan nínú mẹ́ta sí ìdajì ló fi sí i. Mo sọ fún un pé ẹni ìṣáájú kún tèmi dé ẹnu, mo sì rò pé ìyẹn ló dáa jù. Ó ní gíríìsì kì í ṣe àmàlà téèyàn ń jẹ yó. Bó bá pọ̀ jù, róólà á máa pò ó kiri, ìpò yẹn á di ooru, ooru á yọ́ ọ, á ti síìlì jáde, á sì ṣàn sórí bíréèkì. Ọkọ̀ tó ru yanrìn, tí gíríìsì wà lórí bíréèkì rẹ̀, ẹ̀yin náà mọ ohun tó lè dà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Gíríìsì lithium complex nọ́ńbà 2 tí wọ́n kọ EP (ìyẹn pé ó lè gba ẹrù tó wúwo gan-an) sí lára ni wọ́n ń lò níbẹ̀, inú ike tí wọ́n ń dé ló sì máa ń wà. Wọn kì í da gíríìsì méjì pọ̀. Mo máa ń rò tẹ́lẹ̀ pé bí àwọ̀ bá ti bára mu, ọ̀kan náà ni wọ́n. Irọ́ ni. Aró lásán ni àwọ̀. Ohun tí wọ́n fi mú epo dì ló ń yàtọ̀, bí èyí tí kò bára mu bá pàdé, ó lè ṣàn bí omi ògì tàbí kó le gbagidi. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fọ ti àtijọ́ kúrò pátápátá kí wọ́n tó fi tuntun.

Nọ́ọ̀tì ló wá kàn, níbẹ̀ sì ni ìyàtọ̀ ṣọ́ọ̀bù yìí àti ibi tí mo ti ń bọ̀ hàn kedere. Ẹni ìṣáájú fi páìpù gígùn kún sípánà, ó fi gbogbo agbára mú un. Ní ọ̀dọ̀ Bàbá, ìwé kan wà lára ògiri tí wọ́n fi ọ̀rá bò, ìlànà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń lò fún ọkọ̀ akẹ́rù. Wọ́n á kọ́kọ́ mú nọ́ọ̀tì dé 200 lórí sípánà tó ń ka ìwọ̀n agbára ìyí ní ft-lb (foot-pound), ẹnì kan á máa yí táyà bí wọ́n ṣe ń mú un, kí róólà lè jókòó dáadáa. Wọ́n á tú u pátá, wọ́n á tún mú un dé 50, wọ́n á wá dá a padà díẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á gbé géèjì olójú aago sí i, wọ́n á fa họ́ọ̀bù síta, wọ́n á tì í wọlé. Ìrìn họ́ọ̀bù tí ọwọ́ géèjì bá kà kò gbọdọ̀ dín ní 0.001 íǹṣì, kò sì gbọdọ̀ ju 0.005 lọ. Lẹ́ẹ̀mejì ni wọ́n tú tèmi torí pé ó ka 0.008. Mo ti sọ fún wọn pé kí wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ ti ń ṣú. Bàbá kò dá mi lóhùn, ó kàn ń tú u. Bí ìwé ọkọ̀ tiyín bá sọ iye mìíràn, ti ìwé ni kí ẹ tẹ̀ lé, Bàbá gan-an ló sọ bẹ́ẹ̀.

Mo bi í pé kí ló dé tí róólà bíárìn táyà fi dagun, tí kò gún bíi ti ìyókù. Ó ní ẹrù kì í ti òkè nìkan wá, bí típà bá ń yí nídìí ráńdàbáọ̀tù, yanrìn ń ti táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Dídagun yẹn ló jẹ́ kí bíárìn kan ṣoṣo lè gba méjèèjì. Henry Timken, ọmọ bíbí Jámánì tó ń kan kẹ̀kẹ́ ẹṣin ní Amẹ́ríkà, ló gba ìwé àṣẹ irú rẹ̀ ní 1898.

Ẹ lè ra bíárìn fúnra yín tàbí kí wọ́n bá yín rà á. Tí ẹ bá rà á wá, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì lè kọ̀ ọ́. Lẹ́ẹ̀kejì tí mo lọ, mo ti ra méjì lọ́jà Owódé Onírin. Bàbá gba ọ̀kan, ó dá èkejì padà fún mi: nọ́ńbà ara páálí àti ti ara irin kò bára mu, lẹ́tà rẹ̀ kò sì mú. Inú bí mi gan-an sí ẹni tó tà á fún mi, torí owó ojúlówó ló gbà. Ohun tí Bàbá kọ́ mi lọ́jọ́ náà wúlò lọ́jà: irú nọ́ńbà bíi 32314, ẹ mú méjì tó kẹ́yìn, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 5. 14 di 70, ihò inú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ 70 mm. Ẹ mú kálípà, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn ihò, dání. Ilé iṣẹ́ SKF ti Sweden ní áàpù tí wọ́n ń pè ní SKF Authenticate, ẹ lè fi ya fọ́tò ránṣẹ́ sí wọn kí wọ́n bá yín wò ó. Àti pé Bàbá kì í fi bíárìn tuntun sínú kọ́ọ̀bù àtijọ́. Wọ́n jọ ń wọlé ni, wọ́n jọ ń jáde. Idẹ ni wọ́n fi ń kan kọ́ọ̀bù wọlé, kì í ṣe irin líle, bó bá sì ti jókòó dé ìdí, ohùn òòlù á yí padà láti "kan-kan" sí "gbì".

Owó iṣẹ́ wọn jẹ́ ₦18,000 fún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan, láìka síìlì àti gíríìsì. Ibi tí mo ń lọ tẹ́lẹ̀, ₦7,000 ni. Ó wọ́n, mi ò ní parọ́. Wọ́n tún lọ́ra. Géèjì kan ṣoṣo ni wọ́n ní, bí ọkọ̀ méjì bá wà nílẹ̀, ìkan á dúró. Kò sí ibi téèyàn lè jókòó sí bí òjò bá ń rọ̀ àfi inú mọ́tò yín, mo sì rò pé ó yẹ kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí ìyẹn, torí òjò tó ń fẹ́ wọ inú họ́ọ̀bù tí wọ́n ṣí sílẹ̀ kò dáa. Ìgbà kan wà tí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ bo ọ̀rá, tí iṣẹ́ ọjọ́ kan di ọjọ́ mẹ́ta.

Péélódà mi nìkan ni wọn kò gbà. Ẹsẹ̀ tirẹ̀ ní jíà nínú, epo ló sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ dípò gíríìsì. Bàbá kàn tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, ó gba epo díẹ̀ sínú ife, ó gbé e síta oòrùn. Ó ń dán yinrinyinrin. Ó ní irin ló ń jẹ irin nínú rẹ̀, kí n má lò ó mọ́, kí n lọ bá àwọn tó ní ìwé ilé iṣẹ́ tó ṣe é àti irinṣẹ́ rẹ̀. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Mo mọ̀ pé àwọn mìíràn ì bá tú u, kí wọ́n sì máa kọ́ṣẹ́ lórí rẹ̀ pẹ̀lú owó mi.

Oṣù mẹ́rìnlá rèé, ẹsẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n ṣe kò tíì gbóná lẹ́ẹ̀kan. Mo ra ẹ̀rọ kékeré tó ń tan iná pupa láti fi wo ooru, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni dírẹ́bà ń kọ ti họ́ọ̀bù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sínú ìwé. Kì í ṣe iye tí ó ka ni mò ń wò jù, èyí tó bá yàtọ̀ sí àwọn yòókù ni. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, iwájú òsì típà ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwọ̀n ooru mẹ́sàn-án ju ìkejì rẹ̀ lọ. Mo ti ra síìlì tuntun sílẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ni dírẹ́bà máa gbé e lọ, kó sùn síbẹ̀, kí họ́ọ̀bù ti tutù kí ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé tó mọ́.